Ojú Tí DeMille Fi Pamọ́

Ẹni tó bá jókòó láti wo fíìmù nípa ìgbé ayé Jésù ti mọ ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀: ibùjẹ ẹran ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ìràwọ̀ lókè, àwọn olùṣọ́ àgùntàn nínú pápá. Cecil B. DeMille kò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nínú The King of Kings, fíìmù tó gbé jáde lọ́dún 1927, àsè ló kọ́kọ́ mú wa lọ. Ilé Màríà Magidalénì la wà, níbi tí àwọn ọlọ́rọ̀ ti ń jẹ, tí wọ́n ń mu, tí obìnrin tó nilé sì wọ aṣọ tí kò bo ara tó. Inú ń bí i. Júdásì, olólùfẹ́ rẹ̀, kò wá síbi àsè. Wọ́n ní ó ti tẹ̀lé káfíńtà kan láti Násárẹ́tì lọ. Ni Magidalénì bá ní kí wọ́n di kẹ̀kẹ́ òun ní gàárì, òun ń lọ gba ọkùnrin òun padà. Ohun tó sì ń fa kẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe ẹṣin lásán. Sébírà ni, ẹṣin abilà láti ilẹ̀ Áfíríkà.

Kò sí èyíkéyìí nínú èyí nínú Bíbélì. Ìwé Mímọ́ kò so Magidalénì pọ̀ mọ́ Júdásì, kò sì fún un ní sébírà. Mo mọ àwọn onígbàgbọ́ tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni wọn yóò ti dìde pa tẹlifíṣọ̀n, mi ò sì ní bá wọn jà. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n, pé kí wọ́n ṣe sùúrù díẹ̀ sí i, nítorí ọkùnrin tó ṣe fíìmù yìí mọ ohun tó ń ṣe. Gbogbo ariwo ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, ilẹ̀ ló ń tún ṣe fún ohun kan tí kò ní ariwo nínú rárá.

Àwọ̀ ni ojú yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Dúdú àti funfun ni sinimá nígbà náà, àmọ́ aláwọ̀ ni wọ́n ya àsè Magidalénì. Ilé iṣẹ́ Technicolor ló ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi yà á. Nínú kámẹ́rà wọn, gíláàsì kan wà tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà méjì, ọ̀kan fún pupa, èkejì fún àwọ̀ ewé. Bí wọ́n bá ti pa méjèèjì pọ̀ padà, ojú a rí awọ ènìyàn bó ṣe rí, a rí wúrà, a rí aṣọ olówó iyebíye. Búlúù gidi nìkan ni kì í jáde dáadáa, torí wọn kò pín ìmọ́lẹ̀ kankan fún un. Iṣẹ́ náà wọ́n, iná tó sì ń jẹ kò kéré, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ sinimá fi máa ń tọ́jú rẹ̀ de apá kékeré kan nínú fíìmù tó gùn. DeMille ná an lé ẹ̀ṣẹ̀ lórí. Bí a bá ti kúrò nílé obìnrin yẹn tán, àwọ̀ ti lọ, a bọ́ sínú ayé dúdú àti funfun, ayé àwọn arọ, afọ́jú àti tálákà tó kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà ilé kan.

Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọkùnrin yìí dàgbà ló jẹ́ kó mọ irú eré bẹ́ẹ̀ ṣe. Henry, bàbá rẹ̀, jẹ́ ẹni tó ń kọ eré orí ìtàgé, ó sì tún jẹ́ òǹkàwé nínú ìjọ Episcopal, tó máa ń ka Bíbélì fún àwọn ọmọ rẹ̀ nílé. Ọmọ ọdún 11 ni Cecil nígbà tí bàbá náà kú. Eré àti Ìwé Mímọ́ ti wọ̀ ọ́ lára pọ̀ kó tó mọ ohun tí sinimá ń jẹ́. Lọ́dún 1923 ó ti ṣe The Ten Commandments, ó ti pín òkun níyà lójú ayé, gbogbo ènìyàn sì ti mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í ṣe nǹkan ní kékeré. Tí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá wá fẹ́ fi Jésù hàn, a ó retí kí ààrá sán, kí ọ̀run ṣí.

Ẹ wo ohun tó ṣe dípò rẹ̀. Ó gbé Jésù pamọ́. Èrò kún ẹnu ọ̀nà, gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin tó wà nínú ilé, àmọ́ kámẹ́rà kò jẹ́ ká rí i. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Máàkù, arọ ni tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ ti yá báyìí, ó sì ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ han gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Àwọn amí àlùfáà wà níbẹ̀, wọ́n ń yínmú. Pétérù wà níbẹ̀, ó rí gìrìwò, Ernest Torrence ló ṣe é, ọkùnrin gíga tí apá rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ti fa àwọ̀n láti kékeré. A rí ìyá Jésù pẹ̀lú. Ó ti ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ dáadáa tí fíìmù ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí a torí rẹ̀ wá kò tíì yọjú. Eégún ńlá ní í kẹ́yìn ìgbàlẹ̀.

Nígbà náà ni ọmọbìnrin kékeré kan tó fọ́jú dé. Ó ti gbọ́ nípa oníwòsàn náà, ó fẹ́ ríran, wọ́n sì mú un wọlé. Ojú rẹ̀ pa dé, ó gbé e sókè. Lẹ́yìn náà ojú sinimá ṣókùnkùn, nítorí pé inú ojú ọmọ yẹn la ti ń wò báyìí. Òkùnkùn náà kò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ yọ bí ìlà, ó ń fẹ̀ sí i, ó ń mọ́ sí i, títí ohun kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúró láàárín ìmọ́lẹ̀ náà, tí ohun náà di ojú ènìyàn, tí ojú náà sì ń wò wá pẹ̀lú àánú. Òun nìyẹn. Bí a ṣe kọ́kọ́ rí Jésù nìyẹn: ọmọdé tí kò ríran rí ló yá wa ní ojú rẹ̀ tuntun.

Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, kò sí ohun tó le nínú rẹ̀ fún ẹni tó mọ kámẹ́rà. Iná ni, àti àwòrán kan tí wọ́n mú yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú òmíràn. Ọ̀pọ̀ fíìmù ìgbà yẹn ló ń lo irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ láti fi hàn pé ẹnìkan ń lá àlá. Ibi tí DeMille lò ó sí ló sọ ọ́ di nǹkan ńlá. Olúkúlùkù ló ti ní ojú Jésù tirẹ̀ lọ́kàn kó tó wọ ilé sinimá, láti ara àwòrán tó wà lára ògiri ilé tàbí gíláàsì ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí òṣèré tó lè bá gbogbo wọn mu. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí ń ba àwọn oníṣẹ́ sinimá gan-an. Lọ́dún 1925, nígbà tí ilé iṣẹ́ MGM ṣe Ben-Hur, ọwọ́ Jésù nìkan ni wọ́n gbójúgbóyà láti fi hàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni gbé àwòrán Kristi jáde rárá. DeMille ní òun yóò fi ojú náà hàn, fún ohun tó ju wákàtí méjì lọ, àmọ́ ó kọ́kọ́ mú kí ojú náà wù wá rí. Nígbà tó máa fi dé, a ti wà nínú ara ọmọ kan tí kò ní àwòrán kankan lọ́kàn tó lè fi wé e. A kò ráyè bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ojú náà wò bóyá ó jọ tàbí kò jọ. Mo ti wo fíìmù Jésù púpọ̀, èyí tó ní ohùn àti èyí tí kò ní, mi ò sì tíì rí ìwọlé kan tó dára tó èyí.

H. B. Warner ló ni ojú náà. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ni, ọdún 1875 ni wọ́n bí i, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ti pé ẹni 50 ọdún nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1926, ó sì ń ṣe ẹni tí kò tíì pé 35. Àwọn kan rí èyí bí àbùkù. Èmi rò pé ó ṣe iṣẹ́ náà láǹfààní. Ọ̀dọ́kùnrin arẹwà ì bá fa ojú mọ́ra rẹ̀, àmọ́ ojú Warner ti gbé ayé, ó ti mọ ohun tó ń bọ̀. Ẹ fiyè sí bó ṣe ń dúró. Àwọn òṣèré yòókù nínú fíìmù yìí ń ju apá, wọ́n ń ranjú, wọ́n ń di àyà mú, torí bẹ́ẹ̀ ni eré aláìlóhùn ṣe máa ń rí. Warner kì í ju nǹkan kan. Yóò yí orí díẹ̀, yóò gbé ọwọ́ kan, yóò sì dúró. Láàárín gbogbo rúkèrúdò yẹn, ara tó dúró jẹ́ẹ́ ni ojú wa máa ń wá lọ.

Iná ràn án lọ́wọ́. J. Peverell Marley ló di kámẹ́rà mú, ó sì máa ń gbé iná sẹ́yìn Warner kí etí irun rẹ̀ lè máa dán, tí aṣọ funfun rẹ̀ yóò sì mọ́lẹ̀ ju gbogbo aṣọ tó wà nítòsí lọ. Wọn kò fi òrùka ìmọ́lẹ̀ sí i lórí bí àwọn ayàwòrán àtijọ́ ti máa ń ṣe. Iná gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ òrùka. Àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù ni DeMille kọ́ èyí lára wọn, ní pàtàkì Gustave Doré, tí àwòrán Bíbélì rẹ̀ wà nílé ọ̀pọ̀ ìdílé. Ìgbà mìíràn wà tí fíìmù náà á dúró sójú kan bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi férémù dè é. Ẹ̀bùn tó gbà lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán náà ló fa àìtọ́ kan: Jésù ará Gálílì wá di òyìnbó pátápátá. Símónì ará Kírénè náà di òyìnbó, ẹni tí ìlú rẹ̀ wà ní àríwá Áfíríkà, ní ibi tí à ń pè ní Líbíà lónìí. William Boyd ló ṣe é, ẹni tó di ìlú mọ̀ọ́ká lẹ́yìn náà nínú fíìmù àwọn adaranjẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó dùn mí nígbàkígbà tí mo bá dé ibẹ̀. Ẹni tó wá sébírà láti Áfíríkà rí ì bá wá ènìyàn rí.

Ìtàn pọ̀ nípa bí wọ́n ṣe tọ́jú Warner lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ń fi ọkọ̀ tí wọ́n ti bò gbé e dé, wọ́n ń fi aṣọ bo ojú rẹ̀ títí yóò fi dé iwájú kámẹ́rà, ó ń dá jẹun, bó bá sì ti wọ aṣọ eré, DeMille nìkan ló láṣẹ láti bá a sọ̀rọ̀. Daniel Lord, àlùfáà Jesuit kan, wà lára àwọn agbaninímọ̀ràn, wọ́n sì ń ṣe Máàsì níbi iṣẹ́. Ìpolówó ọjà wà nínú èyí, DeMille kì í sì í ṣe ẹni tí a ń kọ́ ní ìpolówó ọjà. Síbẹ̀, ẹ wo ojú àwọn tó yí Warner ká nínú fíìmù. Wọn kò wò ó bí ẹni tí wọ́n jọ jẹ ẹ̀wà lọ́sàn-án.

Òun náà kò sì fọhùn, ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Oṣù April 1927 ni wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù yìí hàn ní New York. Nígbà tó di October ọdún yẹn, The Jazz Singer jáde, òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ayé fíìmù aláìlóhùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Bí DeMille bá ti pẹ́ díẹ̀ ni, Jésù rẹ̀ ì bá ní ohùn ará Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí a ní dípò rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sójú sinimá, tí wọ́n fi orí àti ẹsẹ Bíbélì sí nísàlẹ̀ níbi tó bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ Bíbélì. Jeanie MacPherson ló kọ eré náà, ọgbọ́n rẹ̀ sì hàn níbẹ̀: ibi tó bá ti fi tirẹ̀ kún un, kò sí ẹsẹ nísàlẹ̀, òǹwòran tó mọ Bíbélì rẹ̀ sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀ fúnra rẹ̀.

Kí n padà sọ́dọ̀ Magidalénì, torí ó ti dé ilé náà báyìí. Ó wọlé pẹ̀lú ìgbéraga, ó fẹ́ wá wo káfíńtà tó gba Júdásì lọ́wọ́ rẹ̀. Jésù wò ó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Jacqueline Logan ló ń ṣe Magidalénì, ara rẹ̀ ló sì fi sọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: èjìká tó kọ́kọ́ ga wá sílẹ̀, ọwọ́ tó wà ní ìbàdí kò mọ ibi tí yóò lọ mọ́. Lẹ́yìn náà, àwọn ẹ̀ṣẹ̀ méje bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára rẹ̀, òjìji obìnrin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rí bí èéfín: ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, ojúkòkòrò, ìgbéraga, wọ̀bìà, ọ̀lẹ, ìlara, ìbínú. Wọ́n rọ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí i létí, wọ́n kò fẹ́ lọ. Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà náà. Ọ̀nà tí àwọn ayàwòrán fi ń ṣe irú èyí ni kí wọ́n ya fíìmù, kí wọ́n ká a padà, kí wọ́n tún ya ẹlòmíràn lé e lórí níwájú aṣọ dúdú, lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹsẹ̀ olúkúlùkù sì bọ́ sí àyè rẹ̀ láì fọ́ tẹlòmíràn. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe ní ìkẹfà ti ba márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́. Nígbà tí wọ́n bá lọ tán, Magidalénì wo ara rẹ̀, ó rí bó ṣe wà, ó sì fa aṣọ rẹ̀ bora. Ìṣe kékeré yẹn ju òjìji méjèèje lọ lójú mi. Ẹ má gbàgbé pé DeMille kan náà ló tú u síta níbi àsè.

Irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú fíìmù yìí ju bí wọ́n ṣe ń ròyìn rẹ̀ lọ. Pétérù mú ẹja tí owó wà lẹ́nu rẹ̀, ó fi san owó orí, àwọn ọmọ ogun Róòmù tó rí i sì bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ ẹja tiwọn bóyá orí yóò bá wọn ṣe é. Ẹ̀rín tó pa mí níbẹ̀ jẹ́ ẹ̀rín tòótọ́. Ọmọdébìnrin kan mú ọmọláńgidi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán wá bá Jésù. Ó ti gbọ́ pé ó máa ń wo ẹsẹ̀ sàn. Warner gbà á, ó sì ń tún un ṣe pẹ̀lú sùúrù gẹ́gẹ́ bí ẹni tí iṣẹ́ igi ti mọ́ lára, kò sì ṣe é bí ìyanu rárá.

Ọwọ́ yẹn kan náà ló gbé ibi tó le jù wá. Jésù wà nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan. Ó rí igi tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ lé lórí, ó fọwọ́ kàn án, ó ń fọwọ́ pa á, ojú rẹ̀ sì jọ ti ẹni tó padà sídìí iṣẹ́ tó fẹ́ràn. Lẹ́yìn náà ni ohun tó bo igi náà kúrò, a sì wá rí odindi rẹ̀: àgbélébùú ni. Ojú Warner kò ṣe púpọ̀. Ayọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ló lọ, ìmọ̀ ohun tó ń bọ̀ ló rọ́pò rẹ̀, DeMille kò sì fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Èyí pẹ̀lú kò sí nínú Bíbélì, àmọ́ mi ò rò pé ẹnikẹ́ni tó bá wò ó yóò ní kí wọ́n yọ ọ́.

Ní ti Júdásì, Joseph Schildkraut ló ṣe é, ó sì rẹwà, ó fá irùngbọ̀n rẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ àpọ́sítélì dá tiwọn sí. Kì í ṣe ojúkòkòrò lásán ló wà nínú Júdásì yìí. Ipò ló ń wá. Ó gbà pé Jésù yóò jọba ní Jerúsálẹ́mù, pé òun náà yóò sì jókòó nítòsí ìtẹ́, ọjọ́ tó rí i pé adé ayé kọ́ ni ọkùnrin yìí ń wá ni ọkàn rẹ̀ yí padà. Ẹni tó sì san owó fàdákà fún un, Kàyáfà olórí àlùfáà, Rudolph Schildkraut ló ṣe é, bàbá tó bí Joseph gan-an. Bàbá ló ń sanwó fún ọmọ kó lè fi ẹnìkejì rẹ̀ hàn. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ìdájọ́ ti kọjá, Júdásì mú okùn tí wọ́n fi de ọwọ́ Jésù. Okùn yẹn ló fi so. A ti rí okùn náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, a ti mọ ìwúwo rẹ̀, nítorí náà DeMille kò nílò láti sọ ohunkóhun fún wa.

Ọ̀rọ̀ Kàyáfà ni mi ò lè fo kọjá. Júù ni àwọn Schildkraut méjèèjì, síbẹ̀ fíìmù yìí bí ọ̀pọ̀ Júù nínú nígbà tó jáde, tí àwọn àjọ wọn, B'nai B'rith láàárín wọn, sì fẹ̀hónú hàn. DeMille ti gbìyànjú láti dáàbò bo ara rẹ̀: ọ̀rọ̀ ìṣáájú fíìmù náà sọ pé abẹ́ Róòmù ni àwọn Júù wà, pé Róòmù ló ń yan olórí àlùfáà pàápàá, ní ìparí, ó sì mú kí Kàyáfà gbàdúrà pé kí ẹ̀bi náà jẹ́ ti òun nìkan. Wọ́n tún ṣe àtúnṣe sí i lẹ́yìn ìfẹ̀hónúhàn náà. Kò tó. Kàyáfà tó fi síwájú wa, oníkùn ńlá tó ń ka owó pẹ̀lú ẹ̀rín, àwòrán tí àwọn ọ̀tá Júù ti ń yà fún ọgọ́rùn-ún ọdún púpọ̀ ni, a sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn Júù ilẹ̀ Yúróòpù kò tó ogún ọdún lẹ́yìn náà. Mo fẹ́ràn fíìmù yìí gan-an, ìdí nìyẹn tí apá yìí fi ń dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lè fi sùúrù gbé ojú kan jáde láti inú ìmọ́lẹ̀ lè fún ojú kejì ní ìwọ̀nba sùúrù náà.

Ìdájọ́ níwájú Pílátù tóbi, ó sì dára: idì Róòmù ràgàjì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó mú kí gómìnà náà rí bí ọmọ kékeré. Ìkànmọ́gi ni DeMille ti tú gbogbo agbára rẹ̀ sílẹ̀, afẹ́fẹ́, mànàmáná, ìmìtìtì ilẹ̀ tó gbé igi tí Júdásì so mọ́ mì. Ọ̀kan nínú ìtàn tí DeMille máa ń sọ ni pé ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì 1926, lẹ́yìn tí wọ́n ya apá kan níbẹ̀, òun ní kí gbogbo èrò tó wà níbi iṣẹ́ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n ronú nípa ẹni tí wọ́n ń ṣe ìtàn rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì sunkún. Mo gbà á gbọ́. Àmọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ náà gùn jù, ojú mi sì ti rẹ̀ kó tó parí.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló san gbèsè gbogbo rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ ní ọgbà ibojì, àwọ̀ sì padà dé. Ó ti lé ní wákàtí méjì tí a ti ń gbé nínú dúdú àti funfun, ojú ti gbàgbé pé ohun mìíràn wà, lójijì òdòdó ń bẹ, ewé ń bẹ, ara ènìyàn tún ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Kámẹ́rà kan náà ni, gíláàsì tó ń pín ìmọ́lẹ̀ kan náà. Àwọ̀ méjì tí DeMille kọ́kọ́ fún àsè panṣágà ló gbà padà, tó sì fi fún Àjíǹde. Magidalénì náà wà nínú ọgbà yẹn, ó ti bo ara rẹ̀ báyìí, òun nìkan ló sì ti wà nínú àwọ̀ yẹn rí. Wọn kò kọ nǹkan kan sójú sinimá láti tọ́ka sí i. Ojú òǹwòran ló ń ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀.

Kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìrìn àjò fíìmù náà. Òun ni wọ́n fi ṣí gbọ̀ngàn Grauman's Chinese ní Hollywood ní ọjọ́ 18 oṣù May 1927, gbọ̀ngàn tí àwọn òṣèré ti ń tẹ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn sínú sìmẹ́ǹtì. Àwọn míṣọ́nnárì gbé e kiri ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí pé kò ní ohùn, èdè kankan kò dí i lọ́nà, ọ̀rọ̀ ojú sinimá nìkan ni wọ́n ní láti túmọ̀. Tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù tí wọ́n kọ́ fún un ní Culver City kò kú lẹ́ẹ̀kan: wọ́n lò ó fún ògiri ńlá inú King Kong lọ́dún 1933, lẹ́yìn náà wọ́n tiná bọ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n ń ya iná ìlú Atlanta fún Gone with the Wind. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ẹ̀tọ́ lórí fíìmù náà ti parí ní Amẹ́ríkà, kò sì ṣòro láti rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Oríṣi méjì ló wà, ti ìṣẹ́jú 155 tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde àti ti ìṣẹ́jú 112 tí wọ́n gé kúrú lọ́dún 1928. Èyí tó gùn ni kí ẹ wá.

Bí ẹ bá ti wò ó tán, ẹ wá It's a Wonderful Life, ti ọdún 1946. Warner wà níbẹ̀, ó ti dàgbà sí i, òun ni Gower, àgbàlagbà tó ń ta oògùn. Wáyà ti dé pé ọmọ rẹ̀ kú, ó ti mutí yó, ó sì ti fẹ́ fi májèlé sínú oògùn aláìsàn láìmọ̀. Ó gbá ọmọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ létí títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ, kó tó mọ̀ pé ọmọ náà ló gba òun sílẹ̀, ó sì wó lé ọmọ náà lọ́rùn. Gbogbo ara ọkùnrin yẹn ló ń gbọ̀n, ọwọ́, ètè, ojú, kò sí ibi tó dúró sójú kan. Ara kan náà ló ti fi dúró jẹ́ẹ́ níwájú Pílátù ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ẹ wo méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ ó rí ìwọ̀n iṣẹ́ tí ìdúró yẹn gbà.